Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Ìdílé Ẹni ní Ilé Ìkàwé Kékeré Inú Ìlú

Ilé ìkàwé ìlú wa kò ju yàrá mẹ́ta lọ. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni ó wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọjà, àwọn tí ó sì ń wọ ibẹ̀ jù ni àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB. Nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ní ìwé lórí ìtàn ìdílé, ìyá tí ó jókòó sídìí tábìlì gbójú sókè, wọ́n ní, “Ìdílé ta ni?” Ìbéèrè wọn tọ́. Kò sí ilé ìkàwé kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá tí a ti lè bá ìwé kan tí ó to bàbá ńlá olúkúlùkù lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ìwé tí ẹlòmíràn kọ fún ìdí tiwọn ni a ń bá níbẹ̀, ìwé ìsìnkú, ìwé oyè, ìwé ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì, tí orúkọ àwọn ènìyàn wa kàn fara sin sí. Bí a ṣe ń tú wọn jáde ni mo fẹ́ ṣàlàyé, láti ilé títí dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò sí nílé ìkàwé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà tí ó kù nínú ilé, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwé yóò dúró dè yín ju àgbà lọ. Ẹ mú ìwé àjákọ kan dání, kí ẹ kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dá sí ojú ewé tirẹ̀: orúkọ àbísọ, oríkì rẹ̀ bí Àkànní tàbí Àjọkẹ́, orúkọ ìsàmì tàbí orúkọ Mùsùlùmí, orúkọ agboolé, iṣẹ́ tí wọ́n mọ ìdílé mọ́, oyè tí ẹnikẹ́ni jẹ, àti ìlú tí wọ́n ti ṣí wá. Orúkọ agboolé ni ẹ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láìkọ. Nínú ìwé ìtàn ìlú, a kì í sábà rí orúkọ bàbá ńlá ẹni, ṣùgbọ́n orúkọ agboolé rẹ̀ yóò wà níbẹ̀.

Ohun méjì ni ó sábà máa ń tan àwa tí a gbọ́ Yorùbá dáadáa pàápàá jẹ. Èkíní ni pé “bàbá mi” lẹ́nu àgbà lè jẹ́ bàbá tí ó bí i, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ baálé ilé tí ó tọ́ ọ dàgbà. Nítorí náà, ẹ máa fi ọ̀wọ̀ tún un bi wọ́n pé: “Ṣé àwọn ni wọ́n bí yín gan-an, Mà?” “Ṣé ọmọ ìyá ni ẹ̀yin àti wọn, àbí ọbàkan?” Àwọn àgbà kan kì í fẹ́ kí a ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ sí ọbàkan, wọ́n á ní a fẹ́ tú ilé ká. Bí ẹ bá rí i pé ojú wọn yí padà, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Èkejì ni orúkọ tí ó gbẹ̀yìn. Àṣà kí gbogbo ìdílé máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo kò pẹ́ láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n lè máa jẹ́ orúkọ bàbá wọn, àbúrò kí ó máa jẹ́ orúkọ bàbá àgbà, ẹnì kẹta kí ó máa jẹ́ James nítorí pé orúkọ tí a fi sàmì sí bàbá lórí ni ó fi wọ ilé ìwé. Àwọn mìíràn sì yọ òrìṣà kúrò nínú orúkọ nígbà tí wọ́n gba ìgbàgbọ́, tí Ògúnbíyìí di Olúbíyìí, tí Èṣùbíyìí di Jésùbíyìí. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ẹnì kan lè ti jẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́ kún un. Àkọtọ́ tí ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì CMS fẹnu kò lé lórí ní Èkó ní 1875 ni ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ń lò, ó sì di 1974 kí ìjọba tó fọwọ́ sí èyí tí a ń lò lónìí. Ẹni tí ó bá ń wá Ayédùn gbọ́dọ̀ wo Aiyedun, ẹni tí ó bá ń wá Ṣódípọ̀ gbọ́dọ̀ wo Shodipo àti Sodipo, Ọ̀fà sì lè wà lábẹ́ Offa. Èyí kò dà bí nǹkan bàbàrà títí ẹ ó fi yẹ àtòjọ orúkọ ẹ̀yìn ìwé kan wò tí ẹ kò rí nǹkan, tí orúkọ náà sì wà lójú ewé kejì lábẹ́ lẹ́tà mìíràn.

Yíyọ ọdún jáde nínú ọ̀rọ̀ àgbà

Ilé ìkàwé kò ní wúlò fún ẹni tí kò mọ ọdún tí ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa kì í fi ọdún sọ̀rọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yín ni láti so ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́ ọdún. Nílẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ nínú àwọn tí ẹ ó máa gbọ́ nìyí: ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí di 1893, dídé rélùwéè sí Ìbàdàn ní 1901 àti sí Òṣogbo ní 1907, ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti àjàkálẹ̀ àrùn ọfìnkìn, tí méjèèjì jẹ́ 1918, ogun Hítílà láti 1939 sí 1945, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, wẹ́tìẹ̀, ìyẹn rògbòdìyàn òṣèlú ti 1965 sí 1966, Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn ìjà àwọn àgbẹ̀ nítorí owó orí, ti 1968 sí 1969, ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lápá ọ̀tún, ìyẹn ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, àti ìgbà tí a fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù Kìíní 1973.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tí òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án. Ìyá àgbà wa sọ fún mi pé, “Ìgbà tí ọ̀sán dòru, mo pọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ sẹ́yìn, eyín méjì ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Adìẹ wọ̀ sílé, a sì sá tẹ̀ lé wọn.” Oòrùn wọ òjìji pátápátá ní gúúsù Nàìjíríà ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1947. Ọmọ tí eyín méjì ti yọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò lè ju bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ, nítorí náà ìdajì kejì 1946 ni wọ́n bí i. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi wọṣẹ́ ìjọba sọ pé 1950 ni wọ́n bí wọn. Èmi gba ti Ìyá àgbà gbọ́, nítorí wọn kò rí èrè kankan nínú irọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sì mọ ìdí tí ó fi dín ọjọ́ orí kù. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìwé ìbúra nù o. Ẹni tí ó lọ búra ní kóòtù sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ó ṣe bá ẹni náà tan yóò sì wà níbẹ̀ kedere. Bí ọjọ́ ìbí inú rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ àbùmọ́, ìbátan inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wọ ilé ìkàwé

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó dé. Ẹ mú pẹ́ńsù dání dípò báírò, nítorí yíǹkì báírò kì í ṣeé pa rẹ́ lórí ìwé tí ó ti pẹ́, kí ẹ sì mú ìbòmú nítorí eruku, àti fóònù tí ẹ ti gba iná sí dáadáa, torí kò sí ìdánilójú pé iná yóò wà. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya àwòrán ojú ìwé kankan.

Bí ẹ ṣe béèrè ni yóò sọ ohun tí ẹ ó rí. Ẹni tí ó bá béèrè “ìtàn ìdílé mi” yóò gba ìdáhùn tí èmi gbà. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwé ìtàn ìlú yìí àti àwọn ìlú tó yí i ká, àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n fi ta ilé ìkàwé lọ́rẹ, ìwé ìròyìn àti gàsẹ́ẹ̀tì àtijọ́, àti páálí tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìwé tí kò nínọ́ńbà sí. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi nọ́ńbà Dewey to ìwé, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba, ẹ wo 929 fún ìdílé àti orúkọ, 920 fún ìtàn ìgbésí ayé, 966.9 fún ìtàn Nàìjíríà, 398 fún ìtàn àtẹnudẹ́nu, àti 896.333, tí í ṣe ti lítíréṣọ̀ Yorùbá, nítorí ibẹ̀ ni ìwé oríkì sábà máa ń sá sí. Ẹ fi ojú ara yín wo pẹpẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí ìwé ìtàn ìlú kan láàárín àwọn ìwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ rí, nítorí pé orúkọ iṣu wà nínú àkọlé rẹ̀.

Ìwé ìtàn ìlú, àti bí a ṣe ń kà á pẹ̀lú ìfura

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni ó ní ìwé ìtàn tí tíṣà, àlùfáà tàbí ìjòyè kan kọ. Ìbàdàn ní ti I. B. Akínyẹlé, tí ó jáde ní 1911, tí ẹni tí ó kọ ọ́ sì padà di Olúbàdàn. Ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì sọnù, ni àbúrò rẹ̀ tí í ṣe dókítà tún tò títí ó fi jáde ní 1921. Àwọn ìwé kéékèèké tí a tẹ̀ ní ìlú kékeré kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n máa ń dárúkọ agboolé, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, àti ìlú tí ó ti wá.

Kí ẹ tó gba ohunkóhun nínú wọn, ẹ wo ojú ewé mẹ́rin àkọ́kọ́. Ta ni ó kọ ọ́, agboolé wo ni ó sì ti wá? Ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú? Ọdún wo ni ó jáde, kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún náà? Òfin Oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí ó jáde ní 1957 ni ó mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlànà oyè sílẹ̀: ìdílé mélòó ni ó ń jọba, èwo ni ó kàn, àwọn wo ni afọbajẹ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó rí i pé ìtàn tí kò bá sí nínú ìwé lè gba ipò lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ìwé tí ó jáde nígbà tí àga ọba ṣófo, tí ìdílé kan ṣoṣo gba ìdajì rẹ̀, kì í ṣe ìwé tí a óò jù nù, ṣùgbọ́n a óò kà á bí ẹni tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ìwé méjì bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí.

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀dà ìlànà oyè ìlú yín wà nílé ìkàwé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ìdílé yín kò bá tilẹ̀ ń jọba, àwọn afọbajẹ àti àwọn agboolé wọn wà nínú rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á

Èyí ni ohun tí ó ṣe mí láǹfààní jù, n kò sì tíì rí ẹni tí ó sọ ọ́ fún mi kí n tó ṣèèṣì bá a pàdé. Láti ọdún pípẹ́ ni ẹ̀ka ìtàn ní àwọn yunifásítì wa, bíi ti Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀, ti ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe àṣekágbá kọ àpilẹ̀kọ gígùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọ nípa ìlú tí wọ́n ti wá. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mélòó kan, wọ́n á fún olùkọ́ ní ọ̀kan, wọ́n á fún ààfin tàbí ilé ìkàwé ìlú ní ọ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ á le, wúrà ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ àkọlé rẹ̀.

Ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ lè má jinlẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tí ó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àtòjọ àwọn àgbà tí ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ tàbí oyè, agboolé, àti ọjọ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ẹ rò ó wò: ní 1978, ẹnì kan jókòó ti bàbá ẹni ọdún márùn-ún-lé-lọ́gọ́rin kan nínú agboolé yín, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó sọ. Ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1893 ni, ìyẹn ọdún tí ogun Kírìjì tú ká. Bàbá rẹ̀ lè ti wà ní bùdó ogun náà. Kò sí bí ẹ ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti bá yín béèrè. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ó bá ti agboolé yín jáde, kí ẹ padà sínú àpilẹ̀kọ náà láti wo àkíyèsí ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ó dárúkọ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orúkọ wọn lọ sílé, kí ẹ bi àwọn àgbà pé ta ni ẹni yìí jẹ́ sí wa.

Kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sí nínú àtòjọ

Ní ilé ìkàwé wa, abẹ́ àtẹ̀gùn ni ó wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹlòmíràn tí kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ohun tí àwọn ará ìlú gbé wá tí kò sẹ́ni tí ó mọ nọ́ńbà tí yóò fún un: kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí àwòrán ọba àti àwọn ìjòyè yí ká, ìwé àádọ́ta ọdún ilé ìwé girama, ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìwúyè, àti ìwé ètò ìsìnkú, páálí méjì gbáko.

Ìwé ètò ìsìnkú ni kí a fara balẹ̀ lé lórí. Ọ̀kan tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ ti ìyá kan láti agboolé wa. Ojú ewé kìíní sọ pé 1912 ni wọ́n bí wọn. Ìtàn ìgbésí ayé wọn, tí ó wà lójú ewé kẹta, sọ pé ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn ọfìnkìn pa ènìyàn púpọ̀ ni wọ́n bí àkọ́bí wọn, tí ọmọ náà kò sì yè. Àjàkálẹ̀ àrùn náà, 1918 ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í bímọ. Nínú ìwé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ méjì ń ta kora, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò sì fura. Èwo ni a óò gbà? Ọdún ni a ṣírò lẹ́yìn ikú. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí ni ìyá náà fi ẹnu ara wọn sọ fún àwọn ọmọ wọn. Nítorí náà, mo kọ “kò lè pẹ́ ju nǹkan bí 1900 lọ” sí iwájú orúkọ wọn, mo sì fi àlàyé tì í.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ojú ewé ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó bá wọn kẹ́dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ibẹ̀. Wọ́n ti to ìdílé náà bí ó ṣe rí gan-an: àwọn ọmọ, àwọn ọmọ àbúrò, àwọn ìyàwó ilé, àti “ẹbí ìyá wọn ní Ẹdẹ”, pẹ̀lú orúkọ agboolé kan ní Ẹdẹ. Nílé wa, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìdílé náà ní ẹsẹ̀ ní Ẹdẹ rárá. Orúkọ agboolé kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni ó ṣí ẹ̀ka yẹn. Bí ẹ bá rí ìwé ètò ìsìnkú, ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀, títí dé orúkọ ilé ìtẹ̀wé tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn.

Kàlẹ́ńdà náà ní ìlò tirẹ̀. Àwòrán ìjòyè pẹ̀lú oyè rẹ̀ lábẹ́ ń fi hàn pé ní ọdún tí ó wà lókè kàlẹ́ńdà náà, ẹni yìí wà láàyè, òun ni ó sì wà lórí oyè. Kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta lè sọ ọdún tí ìjòyè kan kú fún yín, bí àwòrán ẹlòmíràn bá ti gba àyè rẹ̀.

Ìwé ìròyìn àti gàsẹ́ẹ̀tì

Ilé ìkàwé kékeré kò ní ní Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend tẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1859 sí 1867, bẹ́ẹ̀ ni kò dájú pé yóò ní Yorùbá News tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924. Ohun tí ẹ lè bá ni Daily Times tàbí Nigerian Tribune ọdún díẹ̀ tí wọ́n dì pọ̀. Ẹ má ṣe máa ka gbogbo rẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ni ẹ ń wá: ìkéde òkú, ìrántí olóògbé, àti àyípadà orúkọ. Ìrántí olóògbé dára nítorí pé ó ń padà wá lọ́dọọdún. Bí ẹ kò bá rí ìkéde òkú ẹnì kan, ẹ lè rí ìrántí ọdún kìíní tàbí ọdún kẹwàá rẹ̀, tí yóò sì tún sọ ọjọ́ tí ó kú. Àyípadà orúkọ ni ó ń so ẹni tí a mọ̀ lónìí mọ́ orúkọ tí ó jẹ́ ní ilé ìwé. Gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba gbẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkéde oyè wà nínú rẹ̀.

Oríkì orílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Bí àgbà ilé yín bá mọ oríkì orílẹ̀, ẹ ti ní ìwé kan tí iná kò lè jó. Ẹni tí wọ́n bá ń kì ní “ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà” ń tọ́ka sí orírun Ọ̀fà, bí ìdílé rẹ̀ ì báà tilẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ wá fi wé èyí tí ó wà nínú ìwé, bí irú èyí tí Adébóyè Babalọlá kó jọ tí ó jáde ní 1967. Ibi tí ti ilé yín bá ti yàtọ̀ sí ti ìwé ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ ẹni tiwọn kún un. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: ìwọ̀fà, àlejò àti ẹrú tí ó gbé ní agboolé kan lè gba oríkì agboolé náà, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa jẹ́ ẹ. Oríkì ń sọ ibi tí a ti gbà wọ́n, kì í ṣe ibi tí a ti bí wọn nígbà gbogbo. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹrú tàbí ìwọ̀fà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín, ẹ má ṣe kà á sókè níbi ìpàdé ìdílé. Àwọn kan wà tí ilẹ̀ àti oyè wọn lè dẹjọ́ nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo.

Nígbà tí ilé ìkàwé bá tán

Ó níye ibi tí ilé ìkàwé kékeré lè gbé yín dé. Nígbà tí ẹ bá ti ní orúkọ, agboolé àti ọdún tí ẹ fọkàn tán, ẹ lè wá gbéra. Ìwé ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sábà máa ń ní orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, iṣẹ́ wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé. Àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bíi Ansar-Ud-Deen, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ Mùsùlùmí wọ̀, orúkọ wọn sì wà nínú rẹ́jísítà. Ní Èkó, wọ́n ti ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ láti 1863. National Archives, ilé tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, láti inú iṣẹ́ òpìtàn Kenneth Dike, tí ó yọrí sí dídá a sílẹ̀ ní 1954. Ẹ béèrè ìjábọ̀ tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ nípa ìlú yín ní àwọn ọdún 1930, ẹ wò ó lábẹ́ CSO 26, ìyẹn fáìlì ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ìjọba òyìnbó, tàbí lábẹ́ ẹkùn yín, bí Oyo Prof, Iba Prof, Abe Prof tàbí Ekiti Div. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti lẹ́tà lọ.

Ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Sàró tàbí Àgùdà, ìyẹn àwọn tí a kó lẹ́rú tí wọ́n padà wá láti Sierra Leone tàbí láti Brazil, ní ọ̀nà mìíràn síwájú. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham, lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ àwọn Yorùbá tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ sì wà láàárín wọn. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, kọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà ní 1837, ní 1846 ó sì rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Origins ní orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ẹrú, ó lé ní 91,000, bí àwọn akọ̀wé òyìnbó ṣe gbọ́ ọ. FamilySearch, tí ó ní àkójọ ìwé ìtàn ìdílé, náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé bá ń ṣiṣẹ́, ẹ lè wo méjèèjì níbẹ̀.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ya àtẹ ìdílé sórí ìwé ńlá, kí ẹ sì fi àmì mẹ́ta sí iwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ẹ kà, ohun tí ẹ gbọ́, àti ohun tí ẹ ṣírò. Fún ohun tí ẹ kà, ẹ kọ orúkọ ìwé, ọdún rẹ̀, ojú ewé, àti ilé ìkàwé tí ẹ ti rí i. Fún ohun tí ẹ gbọ́, ẹ kọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ẹni tí ó wà láàyè, ẹ má kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú ẹ̀dà tí yóò jáde síta.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì méjì. Ọ̀kan fún baálé ilé, ọ̀kan fún ilé ìkàwé, kí ẹ di èyí ilé ìkàwé pọ̀ dáadáa, kí ẹ kọ orúkọ ìlú, agboolé àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà níṣojú yín. Ti wa wà lábẹ́ 929 báyìí. Nígbà tí mo gbé e lọ, ìyá tí ó bi mí ní ìdílé ta ni gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí i láti ẹ̀yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ̀ lé orúkọ àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀, bóyá wọn yóò rí ti agboolé tiwọn.